Pósítà Orin Kúdí Tó Sọ Mí Di Òkú ní Ìbafọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí lélẹ̀ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún un yín. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò yìí, èmi gan-an ni mo jẹ̀bi, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ bá mi wá lọ́yà.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti rí pósítà yẹn. Àwọn kan tiẹ̀ ti kọ "kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn" sábẹ́ fọ́tò mi. Ẹ ṣeun o! Mo rí gbogbo ẹ̀. Mo rí àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ gígùn, mo sì rí àwọn tó kàn fi ọwọ́ méjì tó pàdé síbẹ̀ tí wọ́n bá tiwọn lọ. Mo mọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan!

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Ràṣídì, alókìríkà tó wà ní Lotto ní Mówè níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta rọ́bà. Ọmọ Ìwó ni mí, ṣùgbọ́n ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń já bélì aṣọ òkìríkà létí títì yìí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà ọ̀hún gan-an mi ò parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ńkọ́? Ẹnu tèmi ti gba dìgírì tipẹ́. Tí ẹ bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì níwájú mi tí ẹ ní kò gba ikùn yín, màá ní ṣẹ́ẹ̀tì ò jẹ̀bi, ẹ lọ bá ikùn sọ̀rọ̀. Gbogbo èèyàn á bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì rà á. Bí mo ṣe ń tajà nìyẹn. Bí mo ṣe tọ́mọ náà nìyẹn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì wà.

Ọmọ méjì ni mo bí. Ràṣídì ni àkọ́bí, Kúdí ló tẹ̀lé e. Bàbá wọn ti kú látìgbà tí Kúdí ò tíì mọ̀ ọ́n rìn.

Ràṣídì kọ́ṣẹ́ táìlì. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi sin ọ̀gá ẹ̀ ní Ìbafọ̀. Nígbà tó gba fúrídọ́ọ̀mù, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dá ṣe láyé ẹ̀, pálọ̀ mi ni. Òun ló ra táìlì, òun ló po sìmẹ́ńtì. Ó ní kí n lọ sùn lọ́dọ̀ Ìyá Bíọ́dún fún ọjọ́ méjì, ó fẹ́ kó bá mi lójijì. Ìyá Bíọ́dún yìí, òun ló ń ta ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, ọ̀rẹ́ mi ni.

Ọjọ́ tó ṣílẹ̀kùn, èmi, àwọn aládùúgbò àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ la jọ wọlé. Táìlì dúdú, táìlì funfun, ó ń dán gbinrin. Àfi lẹ́bàá ògiri níbi tí ìlà kan ti wọ́. Díẹ̀ ni o! Ẹni tí kò bá wá àléébù ò lè rí i. Obìnrin tó gbọ́n á ní "ọmọ mi, o ṣé, wàá lẹ ti ààfin". Kí lèmi sọ? Mo ní ṣé òun ló lẹ táìlì yìí ni, àbí ó bẹ ọ̀mùtí níṣẹ́?

Pálọ̀ fẹ́ẹ̀ wó! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sórí táìlì ọ̀hún. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ń fi rágì nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Táìlì Ọ̀mùtí. Ọmọ tí kò fẹnu kan ọtí rí! Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún un. Ẹ sọ fún mi, ta ni yóò gbé ilé ẹ̀ lé Ọ̀mùtí lọ́wọ́? Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ ní ìsọ̀, torí pé àwọn kọ́sítọ́mà fẹ́ràn ẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó di báàgì ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ń lọ wáṣẹ́. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni.

Ọdún mẹ́rin ni o!

Ó máa ń pe Kúdí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ ibi tó wà fún un. Èmi ní tèmi, tí mo bá pè é, fóònù á dún títí á fi sú òun fúnra ẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ mi, màá ní ó wà ní Dubai, ó ń lẹ táìlì fún ọba wọn, ọba ò sì jẹ́ kó wálé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín á kó ọ̀rọ̀ ọ̀hún lọ.

Ó wá kan ti Kúdí. Kúdí wà nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan lápá Ifọ̀, iṣẹ́ orin àti fíìmù ló ń kọ́. Wọ́n ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ orin kan, kó ya fídíò ẹ̀, kó sì ṣe àwòrán ẹ̀ sórí ìwé: ti ara páálí síìdì, àti pósítà ńlá tí wọ́n máa lẹ̀ káàkiri ìlú bí àwọn olórin gidi ṣe ń ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé kan, aago méjì ọ̀sán, wọ́n á wá fi fídíò han gbogbo ayé nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wọn.

Kúdí ní èmi lòun fẹ́ fi sínú fídíò. Inú mi dùn! Mo ní ijó wo ni kí n jó? Ó ní rárá, kí n jókòó. Èmi! Pẹ̀lú ìdí tí Ọlọ́run fún mi yìí, ọmọ mi ní kí n jókòó lé e!

Wọ́n wá. Kúdí, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fẹ́mi tó gbé kámẹ́rà, àti ọmọbìnrin kan tó gbé páálí funfun gbàràgàdà kan dání tó fi ń da oòrùn sí mi lójú. Ìsọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, wọ́n tú bélì mi wá aṣọ. Fẹ́mi mú kóòtù òtútù onírun kan, ó wọ̀ ọ́ nínú oòrùn Mówè, ó ní ẹni tó ń darí fíìmù gbọ́dọ̀ jọ ẹni tó ń darí fíìmù. Òógùn bo ọmọ ọlọ́mọ!

Wọ́n gbé mi jókòó sójú fèrèsé pálọ̀. Wọ́n ní kí n máa wo títì, pé mo ń retí ẹnìkan. Mo wo títì, kí ni mo rí? Ìyá Bíọ́dún tó gbé ike mẹ́fà sórí, tó ń yọ ahọ́n sí mi. Mo bú sẹ́rìn-ín. Fẹ́mi ké "Kọ́ọ̀tì!", ó dá kámẹ́rà dúró. A tún un ṣe. Mo tún rẹ́rìn-ín. Ó tó ẹ̀ẹ̀mejìlá!

Fẹ́mi wá bẹ̀ mí. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹni tí ẹ ń retí ò tíì dé o."

Mo ní tí kò bá dé, ẹran ẹ̀ á kù fún mi.

Wọ́n fi Rọ́ọ̀bù sí mi lábẹ́ ojú kí omi lè jáde. Sísín ni mò ń sín. Ó ti sú gbogbo wọn. Kúdí wá wọ yàrá mi lọ. Nígbà tó jáde, aṣọ kan ló mú dání. Ṣẹ́ẹ̀tì tí Ràṣídì fi ń ṣiṣẹ́ ni, èyí tó gbàgbé sórí okùn lọ́jọ́ tó lọ. Sìmẹ́ńtì ṣì wà lápò ẹ̀. Mi ò fọ̀ ọ́ rí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo fi í pamọ́ sí, mo sì rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì kúrò níwájú kámẹ́rà.

Mi ò mọ ìgbà tí Fẹ́mi tẹ kámẹ́rà. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ó ti bọ́ kóòtù onírun ẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ojú mi ti ọjọ́ yẹn ni ẹ rí lára pósítà.

Lẹ́yìn náà ni Kúdí kọ ẹsẹ àkọ́kọ́ orin ọ̀hún fún mi. "Ilẹ̀kùn Ò Tì" lorúkọ ẹ̀. Ó ní Bọ̀dá Ràṣídì lè má gbé ìpè mi, ṣùgbọ́n ibi yòówù kó wà, wọ́n ń wo fídíò níbẹ̀, bó pẹ́ bó yá á kàn án lójú. Ìyẹn ni pé torí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọmọ náà ṣe ń ṣe gbogbo làálàá yìí! Mo bi í bóyá ojú mi ló fẹ́ fi kéde ọmọ tó sọnù. Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá lọ sẹ́yìn ilé, mo lọ fọ abọ́ tí mo ti fọ̀ láàárọ̀.

Ẹ máa bá mi bọ̀.

Kúdí ya àwòrán pósítà ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ojú mi ní dúdú àti funfun láàárín, orúkọ orin lókè, orúkọ tiẹ̀ àti ọjọ́, aago àti gbọ̀ngàn nísàlẹ̀. Gbogbo ibi tó kù, ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ, pé òfìfo yẹn ni ibi tí ẹni tí a ń retí máa jókòó sí. Ìwé ti wọ̀ ọ́ lára!

Ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù Bọ̀dá Sèmíù, atẹ̀wé kan ní Ìbafọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí Bọ̀dá Sèmíù jẹ́. Èèyàn dáadáa ni, kọ́sítọ́mà mi ni, ọwọ́ ẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, pósítà òkú ló ń tẹ̀. Òun ló ń tẹ̀ ẹ́, òun náà ló ní àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Lójú tiẹ̀, tí o bá ti gbé fọ́tò ìyá àgbà wá ní dúdú àti funfun, tó ní ọjọ́, tó ní aago, tó ní gbọ̀ngàn, kí ló tún kù? Fídáù ni!

Bọ̀dá Sèmíù mọ ojú mi. Ó ní òun sunkún lórí kọ̀ǹpútà. Ó wo òfìfo tí Kúdí fi sílẹ̀, ó ní ìbànújẹ́ ò jẹ́ kọ́mọ yìí lè parí iṣẹ́ ẹ̀. Àánú ṣe é, ló bá bá a parí ẹ̀. Ó fi férémù aláwọ̀ pọ́pù yí mi ká. Ó fi ẹyẹlé méjì sókè. Ó fi àbẹ́là sọ́tùn-ún àti sósì, èmi Mùsùlùmí! Ó wá kọ "Alàájà Ìyá Ràṣídì" sábẹ́ àgbọ̀n mi, gàdàgbà. Mi ò dé Mẹ́kà rí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ikú ló bá mi san ìyẹn.

Ṣé kò yẹ kó pe Kúdí kó bi í? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ló ń pe ọmọ olóòkú kó ní jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni màmá ẹ kú? Kò pè é. Kúdí wà lórí ìdánwò ní Ifọ̀. Kí ó tó jáde, àwọn ọmọ Bọ̀dá Sèmíù ti lẹ̀ mí láti Ìbafọ̀ dé Mówè, wọ́n tún gbé mi dé Ifọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni. Mo wà lórí bélì tuntun tí mò ń já, kọ́sítọ́mà mi kan láti Ìbafọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó ké "Yéè!", ó sọ báàgì ẹ̀ nù, ó sá lọ sẹ́yìn Ìyá Bíọ́dún. Ìgbà tí wọ́n bu omi sí i lójú tán ló mú pósítà jáde. Ó ti já ọ̀kan lára ògiri kó lè lọ fi han ọkọ ẹ̀.

Mo wo ara mi láàárín àbẹ́là. Ẹ̀rín pa mí! Mo jókòó sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Mo ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsọ̀ mi, mo wá dúró tì í, mò ń pariwo pé òkú ń tajà o, ọjà ọ̀run dé, fọ́ọ̀sì gírédì! Àwọn èèyàn ń wọ́ wá láti Ìbafọ̀ wá fọwọ́ kàn mí. Ìyá kan tí a ti jọ ń bínú láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ó ní òun ti dárí jì mí láàárọ̀, kí n wá dá ìdáríjì òun padà. Ayé mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí!

Kúdí pè láti Ifọ̀, ó ń sunkún. Ó ní wọ́n ti fi àbẹ́là ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ó tún ní òun ń pe Bọ̀dá Ràṣídì, fóònù ẹ̀ ò lọ, kí n jọ̀ọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé irọ́ ni, kó má lọ gbọ́ ọ níta.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo ní kó gbọ́ ná! Ó ti tó kí ẹ̀rù bà á díẹ̀.

Mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, èrò ṣì kún ìsọ̀ mi. Wọ́n tó mẹ́wàá, mò ń dá wọn lára yá. Ọ̀kadà kan yà kúrò ní ẹ́spíréẹ̀sì, ó dúró níwájú ìsọ̀ Ìyá Bíọ́dún. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó wọ jàlábíà funfun, ó gbé páálí táìlì kan lé èjìká. Mo mọ ìrìn ẹ̀ kí n tó rí ojú ẹ̀. Ó ti sanra díẹ̀. Irùngbọ̀n ti yọ.

Kò rí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Bíọ́dún pẹ̀lú páálí lórí èjìká. Ó ní awakọ̀ kan ló sọ fún òun ní Owódé Ẹ̀gbá. Owódé Ẹ̀gbá! Ọdún mẹ́rin tí mo fi ń parọ́ Dubai, Owódé Ẹ̀gbá níbí lọmọ mi wà!

Mo gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀lé e. Mi ò ní gbàgbé ẹ̀ títí wọ́n á fi tẹ pósítà mi gidi.

"Mọ́mì Bíọ́dún, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n sin wọ́n sí? Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì lẹ táìlì sàréè wọn o. Mo ti gé táìlì ẹ̀ wá. Ó tọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n."

Ìyá Bíọ́dún yíjú síbi tí mo wà. Ó kàn nawọ́ sí mi.

Ràṣídì yíjú. Mo wà lókè bélì, mo mú gáùn obìnrin òyìnbó kan dání. Páálí yọ̀ lórí èjìká ẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, mo gbọ́ bí táìlì ṣe fọ́ nínú ẹ̀. Ó ní "Mọ́mì." Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó la ọwọ́ méjèèjì, ó ń bọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìṣẹ́jú kan péré lỌlọ́run fún mi. Kí n sọ̀ kalẹ̀ lórí bélì, kí n la ọwọ́ tèmi náà, ó tán. Kò gba ìwé kíkà. Ewúrẹ́ mọ bó ṣe ń gba ọmọ ẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n èrò ń wò mí, gbogbo wọn ń retí ohun tí Ìyá Ràṣídì máa sọ. Ẹnu mi là fúnra ẹ̀.

"Hàà, Ràṣídì! Ṣé kí n tètè kú ni, kí o lè ríṣẹ́ ṣe?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín! Ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sókè. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni mo wà tí mo fi rí ọwọ́ ọmọ mi tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kò bínú. Ì bá tiẹ̀ bínú! Ó padà síbi táìlì, ó lóṣòó, ó ń ṣa àfọ́kù ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà gé ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ó ṣa á tán, ó di páálí. Ó wá síwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú erùpẹ̀ pẹ̀lú jàlábíà funfun yẹn, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo wà láàyè. Ó gun ọ̀kadà kan náà.

Mo ní "Ràṣídì, eré ni! Eré ni mò ń ṣe!" Wọ́n ti lọ. Ẹ̀rín ti tán nínú ìsọ̀. Àwọn èèyàn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ìyá Bíọ́dún lọ sídìí ògiri ìsọ̀ mi, ó já pósítà yẹn, ó ká a.

Sátidé pé, mo lọ sí Ifọ̀. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nudẹ́nu, torí ìdajì wọn, fídáù ni wọ́n bá wá! Àfáà kan wà lọ́wọ́ iwájú pẹ̀lú àwọn ọmọ kéú ẹ̀, ó ń béèrè ibi tí wọ́n máa tẹ́ ẹní sí. Olùkọ́ Kúdí ní látìgbà tóun ti ń kọ́ni, òun ò rí pósítà akẹ́kọ̀ọ́ tó fa èrò báyìí. Lọ́jọ́ mìíràn, mi ò bá ti sọ nǹkan méje sí i. Mo dákẹ́.

Wọ́n gbé fídíò sí i. Ojú mi gba ògiri kan. Ṣẹ́ẹ̀tì sìmẹ́ńtì wà lẹ́sẹ̀ mi. Kúdí kọ ẹsẹ àkọ́kọ́ tí mo mọ̀, ó wá bọ́ sí èkejì tí kò kọ fún mi nílé:

"Ìyá mi mọ̀rọ̀ọ́ sọ, bọ̀dá mi,
Kò mọ ẹ̀bẹ̀ ẹ́ bẹ̀.
Bó o bá dé tó bá ọ ṣẹ̀fẹ̀,
Wọlé ná, ilẹ̀kùn ò tì."

Ìyẹn ni pé ọmọ ogún ọdún mọ̀ mí tó báyìí. Ó ti mọ ohun tí màá ṣe kí n tó ṣe é. Apá mi ò ká omi tó ń jáde lójú mi. Tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn nísinsìnyí, mo wẹ̀yìn. Wọ́n tún ṣí i, mo tún wẹ̀yìn. Ràṣídì ò wá.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Kúdí títí. Nígbà tó ń sìn mí lọ sí gárééjì, ó di apá mi mú. Kò bá mi jà. Ó ní, "Mọ́mì, mo ti bá a yín bẹ̀ ẹ́ débi tágbára mi mọ. Èyí tó kù, ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín bẹ̀ ẹ́."

Mo lọ sí Owódé Ẹ̀gbá. Mò ń béèrè àwọn onítáìlì títí wọ́n fi júwe ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é ní Ọ̀gá Ràṣí. Kò sẹ́ni tó mọ Ọ̀mùtí níbẹ̀. Ó rí mi, ó fọwọ́, ó dọ̀bálẹ̀. Ó gbé àga wá, ó nù ún. Ó rán wọn ní omi tútù.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

Ṣé ẹ gbọ́? Mà! Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn láti Ìwó wá síbí! Bí wọ́n ṣe ń kí ìyàwó lọ́yà tó ni ilé tí wọ́n ń kọ́ ọ̀hún ló ṣe kí mi.

Ó béèrè ọjà. Ó béèrè orúnkún mi. Ó ní òun gbọ́ pé fídíò Kúdí dùn. Gbogbo ohun tó yẹ kọ́mọ béèrè lọ́wọ́ àlejò, ó béèrè ẹ̀. Látinú bọ́ọ̀sì ni mo ti to ẹ̀bẹ̀ mi sẹ́nu, mo ti sọ ọ́ fún ara mi ní ìgbà mẹ́wàá. Ó wá kan kí n sọ ọ́. Ẹnu yìí! Ẹnu tó gba dìgírì! Ó gbẹ. Mo wo ilẹ̀ tó ń lẹ̀ lọ́wọ́, ìlà ẹ̀ tọ́ gbọnrangandan láti ògiri dé ògiri. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "Ó tọ́."

Ó ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ó bá mi pe ọ̀kadà. Ó ní kó rọra máa lọ o, àgbàlagbà ló gbé.

Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló nu àga, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ra omi tútù, mi ò sì tíì lè sọ ọ́. Tí mo bá ti fẹ́ la ẹnu, ẹ̀fẹ̀ ló máa ń sáré bọ́ síwájú, màá wá tètè pa ẹnu dé kó má baà jáde.

Kúdí ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, òun á gbé e síbí. Ó ní tí mo bá ń kọ̀wé, kò sí èrò tó ń wò mí. Nítorí náà mò ń tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, tí lẹ́tà kan bá fò, ẹ bá mi fi èyí tó tọ́ síbẹ̀.

Ràṣídì, mo mọ̀ pé ò ń ka ohun tí Kúdí bá gbé síbí. Pálọ̀ yẹn dára. Ó dára lọ́jọ́ tí o ṣe é, mo rí i pé ó dára, mo sì fi ọ́ pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, mo fẹ́ gbá ọ mọ́ra. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láì sọ̀rọ̀. Má bínú. Jọ̀ọ́, má pè mí ní mà mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́nu yín mú bíi tèmi, ẹ̀kọ́ tèmi rèé: ẹ̀rín tí èrò bá bá ọ rín, ilé wọn ni wọ́n ń gbé e lọ. Ìwọ àti ẹni tí o fi ṣẹ̀fẹ̀ lẹ máa kù sójú kan náà, tí òun bá tiẹ̀ dúró. Ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ rere kí ó tó di ohun tẹ́nu ò gbé mọ́.

Ta ló ti ṣe é bíi tèmi rí, tó sì rí i tún ṣe? Kí lẹ kọ́kọ́ sọ fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, kẹ́nikẹ́ni má fi àwòrán ẹ̀rín síbẹ̀.